Ìjáyà Nídìí Píánò: Ìtàn Àṣà Dídá Orin Tẹ̀ Lójú Èrò

Ìjáyà máa ń mú àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń tẹ píánò: ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ a máa làágùn, orin tó mọ̀ dunjú nígbà tó dá wà a sì fò lọ lórí rẹ̀ ní kété tí ẹnì kan bá jókòó tì í láti gbọ́ ọ. Ìjáyà yìí kò bá ohun èlò náà wáyé. Bí a bá tọ ìtàn píánò láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó rí i pé nǹkan bí 140 ọdún ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ní Yúróòpù kí ó tó di àṣà pé kí ẹnì kan ṣoṣo jókòó nídìí rẹ̀, láìsí ìwé orin níwájú rẹ̀, láìsí akọrin tàbí olóhun-èlò mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí gbogbo gbọ̀ngàn sì pa lọ́lọ́ láti fetí sí i. Àṣà yìí ló bí èyí tó pọ̀ jù nínú ìbẹ̀rù náà, ó sì yẹ kí ẹni tó ń kọ́ píánò lágbà mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé òfin tí àwọn ènìyàn kan gbé kalẹ̀ ní ìgbà kan pàtó ló ń dà á láàmú, kì í ṣe àléébù kan tí a dá mọ́ ọn.

Bartolomeo Cristofori, tó ń ṣe àbójútó àwọn ohun èlò orin ìdílé Medici ní ìlú Florence ní Ítálì, ni ó ṣe píánò àkọ́kọ́, àkọsílẹ̀ ẹrù ìdílé náà ní ọdún 1700 sì mẹ́nu bà á. Nínú hapsikọ́ọ̀dù, ìyẹn ohun èlò tó ṣáájú píánò, ìyẹ́ ẹyẹ ló máa ń ta okùn wáyà, ohùn rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ bí ìka bá le tàbí bí ó bá rọ̀. Òòlù kéékèèké ni Cristofori fi rọ́pò ìyẹ́ náà, tí ó fi jẹ́ pé bí ìka bá ṣe tẹ̀ ẹ́ tó ni ohùn yóò ṣe ròkè tó. Ọnà tó fi ṣe é yìí kò ṣàìlọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí à ń sọ, nítorí pé ọwọ́ tó ń gbọ̀n kò lè fara pamọ́ nínú ohun èlò tó ń sọ gbogbo àìdọ́gba ìka di ohùn. Síbẹ̀, fún ìgbà pípẹ́, inú ilé ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ jù lọ, láàárín ìdílé àti àlejò, pẹ̀lú ìwé orin níwájú, tí ẹlòmíràn sì lè máa kọrin tẹ̀ lé e. Kódà nígbà tí olórin Johann Christian Bach tẹ̀ ẹ́ ní gbangba ní London ní 1768, apá kan péré ni tirẹ̀ jẹ́ nínú ètò tí àwọn olórin mìíràn náà kópa nínú rẹ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ṣì rí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, nítorí pé ẹni tó bá sanwó wọ ibi eré orin yóò gbọ́ akọrin, yóò gbọ́ ẹgbẹ́ olóhun-èlò, yóò sì gbọ́ atẹpíánò láàárín wọn. Clara Wieck, ọmọ Leipzig tí a bí ní 1819, tó wá di aya olórin Robert Schumann, wà lára àwọn tó yí èyí padà. Nígbà tó tẹ píánò ní Berlin ní 1837 láìgbé ìwé síwájú, òǹkọ̀wé Bettina von Arnim bẹnu àtẹ́ lù ú, ó rí i bí ìgbéraga, nítorí pé lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà, ẹni tó bá ń tẹ iṣẹ́ olórin ńlá láìwo ìwé dà bí ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ náà mọ́ onítọ̀hún lọ́wọ́. Kò ju ìran kan lọ tí ohun tí wọ́n pè ní ìgbéraga fi di ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ka òun sí. Clara fúnra rẹ̀ kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: nígbà tó dàgbà, ìbẹ̀rù pé orin lè fò lọ lórí òun dà á láàmú gidigidi.

Atẹpíánò Franz Liszt ló parí ohun tí Clara bẹ̀rẹ̀. Ní Rome ní 1839, ó dá gbogbo ètò eré orin ṣe láìpe ẹnikẹ́ni kún un, ó sì fi í wé ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń bá ara rẹ̀ sọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 1840, ní Hanover Square ní London, wọ́n fún irú eré bẹ́ẹ̀ lórúkọ tuntun, wọ́n ní Liszt yóò “ka” orin fún àwọn ènìyàn bí ẹni ń ka ewì sókè. Liszt fẹ́ràn èrò, èrò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìwọ̀n tirẹ̀ ni wọ́n wá fi ń wọn gbogbo ènìyàn, títí kan àwọn tí ara wọn kò gba irú rẹ̀ rárá.

Frédéric Chopin, ọmọ Pólàǹdì tó fi Paris ṣe ibùgbé, kò gbà á. Eré orin tó ṣe lójú ìta gbangba ní gbogbo ayé rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n lọ. Nínú yàrá àwọn ọ̀rẹ́, níbi tí ó ti mọ ojú gbogbo ẹni tó jókòó, ni iṣẹ́ rẹ̀ ti máa ń tàn, ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àwọn ènìyàn ló sì ń bọ́ ọ. Ti Adolf von Henselt, ọmọ Jámánì tí a bí ní 1814, tún ṣeni láàánú ju èyí lọ. Àwọn tó gbọ́ ọ nínú ilé kà á mọ́ àwọn tó mọ píánò tẹ̀ jù lọ nígbà ayé rẹ̀, Liszt pàápàá sì yìn ín, ṣùgbọ́n ìjáyà lójú èrò bá a jà débi pé kò tíì pé ogójì ọdún nígbà tó fi eré ìta gbangba sílẹ̀. St. Petersburg ní Rọ́ṣíà, níbi tó ti wà láti 1838, ló jókòó sí tó ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn títí di ìparí ayé rẹ̀ ní 1889, ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ka ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀ sí ìkùnà.

Àṣà Liszt kò dúró sí gbọ̀ngàn ńlá. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún 19, àwọn ilé ẹ̀kọ́ orin ní Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ ìdánwò onípele, nínú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti dá wọ yàrá lọ tẹ orin fún olùyẹ̀wò. Wọ́n dá ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí ABRSM sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí ní 1889, ìdánwò wọn àti ti Trinity College sì dé Èkó. Ọ̀nà mìíràn ni ọ̀pọ̀ Yorùbá fi kọ́kọ́ mọ ohun èlò olóhùn-títẹ̀, ìyẹn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí atẹdùùrù ti ń gbé ohùn ìjọ ró, tí ìwé orin wà níwájú rẹ̀, tí ohùn ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn sì ń bo àṣìṣe kéékèèké mọ́lẹ̀. T. K. Ekundayo Phillips, tó kàwé ní Trinity College of Music ní London láti 1911 sí 1914, ṣe atẹdùùrù àgbà ní Christ Church ní Marina ní Èkó títí di 1962, ọ̀pọ̀ àwọn tó wá di olórin ńlá, Fela Sowande nínú wọn, sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá ti agbo akọrin bẹ́ẹ̀ bọ́ sí yàrá ìdánwò ni yóò mọ bí ìyàtọ̀ náà ti pọ̀ tó.

Àgbàlagbà ni ìyàtọ̀ náà ń wúwo lé jù. Ọmọdé kò tíì mọ bí orin náà ṣe yẹ kó dún, ṣùgbọ́n etí àgbà ti gbọ́ orin fún ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún kí ìka rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo àṣìṣe ló sì ń gbọ́ kí olùkọ́ tó sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí wọ́n ń wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀ níbi iṣẹ́ àti nílé kì í fẹ́ kí wọ́n bá òun níbi tí òun ti ń kọ́ a-b-d. Ara pẹ̀lú ní tirẹ̀: bí ẹ̀rù bá ti bani, ara yóò tú èròjà tí a ń pè ní adirẹnálíìnì sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn yóò máa sáré, ìka yóò sì tutù. Oògùn propranolol, tí James Black àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fún àìsàn ọkàn ní àwọn ọdún 1960, ń dí ọ̀nà mọ́ ìyẹn, àwọn olórin sì tètè mọ̀ ọ́n. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn olóhun-èlò Amẹ́ríkà ní 1987, 27 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti lo irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n dókítà ló gbọ́dọ̀ fúnni, ó sì léwu fún ẹni tó bá ní ikọ́ fée, ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ó jẹ́ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tó tọ́ láti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn àṣà tí Liszt bá nílẹ̀, tí àwọn olórin ńlá fúnra wọn sì ti padà sí. Sviatoslav Richter, ọ̀kan lára àwọn tó mọ píánò tẹ̀ jù lọ ní ọ̀rúndún 20, gbé ìwé orin padà síwájú rẹ̀ ní nǹkan bí 1980, ó sì ní kí wọ́n pa iná gbọ̀ngàn, kí iná kékeré kan ṣoṣo tàn sórí ìwé náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni kí ènìyàn méjì jókòó nídìí píánò kan ṣoṣo, tí a ń pè ní títẹ̀ ọlọ́wọ́ mẹ́rin, ti wà nínú ilé àwọn ènìyàn tipẹ́tipẹ́. Anton Diabelli, ọmọ Austria tó ń tẹ ìwé orin jáde ní Vienna, kọ orin 28 fún un, nínú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ kò ní ju ohùn márùn-ún lọ lábẹ́ ìka rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní kúrò lójú kan, nígbà tí olùkọ́ ń tẹ gbogbo ìyókù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olórin Igor Stravinsky náà kọ orin mẹ́ta irú èyí ní 1914 àti 1915, ó sì ṣe apá ìsàlẹ̀ wọn ní ìró díẹ̀ tó ń padà bọ̀ léraléra. Ó ya ọ̀kan nínú wọn, ijó pólíkà, sọ́tọ̀ fún Sergei Diaghilev, olùdarí ẹgbẹ́ oníjó, ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún nígbà náà.