Samory Touré: Báwo ni àwọn alágbẹ̀dẹ rẹ̀ ṣe rọ ìbọn òyìnbó, tí ọta sì di ìṣòro wọn?

Láti ìparí ọdún 2010 títí di oṣù Kẹrin ọdún 2011, inú ilé ìtura Hôtel du Golf ní àdúgbò Riviera, nílùú Abidjan, ni Alassane Ouattara ti ń ṣe ìjọba. Laurent Gbagbo kọ̀ láti kúrò lórí àléfà lẹ́yìn ìbò ààrẹ. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ dí ọ̀nà ilé ìtura náà pa, hẹlikópítà àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ló sì ń gbé oúnjẹ wọlé. Nígbà tí ọwọ́ máa fi tẹ Gbagbo lọ́jọ́ 11, oṣù Kẹrin, ó ti lé ní 3,000 èèyàn tí rògbòdìyàn náà gbẹ̀mí wọn.

Bẹ́ẹ̀, láti ọjọ́ 15, oṣù Kọkànlá, ọdún 2004, ni Ìgbìmọ̀ Ààbò àjọ náà ti fòfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni má ta ohun ìjà fún Côte d'Ivoire. Òfin yìí kò dá ìbọn dúró. Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn alágbára ayé máa gbìyànjú láti fi òfin pa ìbọn lẹ́nu mọ́ lórí ilẹ̀ yẹn.

Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní Brussels

Lọ́jọ́ 2, oṣù Keje, ọdún 1890, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Brussels. Wọ́n ní torí òwò ẹrú ni. Ṣùgbọ́n ọ̀kan lára ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé wọn kò gbọ́dọ̀ ta ìbọn ìgbàlódé àti ọta rẹ̀ fún àwọn èèyàn Áfíríkà, láti ìlà 20 ní àríwá ayé dé ìlà 22 ní gúúsù. Ṣakabùlà àti ẹ̀tù lásán ni wọ́n ṣì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún. Ọ̀nà tí òfin yìí gbà ran àwọn tó fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni Samory Touré, ọba ilẹ̀ Wassoulou, tó ń bá Faransé jagun láti ọdún 1882. Freetown ló ti máa ń ra ìbọn. Nígbà tí Faransé gba ilẹ̀ tó wà láàárín òun àti Sierra Leone lọ́dún 1893, ọ̀nà yẹn dí. Samory kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí ìlà oòrùn, ó sì fi Dabakala, tó wà ní àríwá Côte d'Ivoire òde òní, ṣe olú ìlú.

Òjé kò wọ́n, ẹ̀tù ló wọ́n

Samory ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹni tó bá gbára lé ọjà ẹlòmíì kò ní jagun pẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn alágbẹ̀dẹ rẹ̀ ti lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìbọn Faransé ní Saint-Louis, ní Senegal. Látìgbà náà ni agbẹ̀dẹ rẹ̀ ti ń rọ ìbọn tó jọ Gras àti Kropatschek, ìyẹn àwọn ìbọn tí Faransé gan-an ń lò. Ẹwìrì, ọmọ owú àti ayùn irin ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹni tó bá mọ bí ìṣó ìbọn ṣe gbọ́dọ̀ wọnú ihò rẹ̀ géérégé á mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni.

Ọta ìbọn Gras fẹ̀ tó 11 mìlímítà, òjé ni wọ́n sì fi ṣe orí rẹ̀. Òjé ni irin tó rọ̀ tó sì wúwo tí àwọn apẹja máa ń so mọ́ ẹsẹ̀ àwọ̀n. Kò gba iná púpọ̀ kó tó yọ́, torí ooru 327 péré lórí òṣùwọ̀n Celsius ti tó o, nígbà tí irin ń fẹ́ èyí tó ju 1,500 lọ. Kò sí alágbẹ̀dẹ tí kò lè yọ́ ọ, kó dà á sínú ohun tí wọ́n gbẹ́, kó sì jẹ́ kó tutù. Ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ kò dára fún ara.

Ṣùgbọ́n orí ọta lásán kò lè pa ẹran. Nínú ìbọn tuntun wọ̀nyí, àti nínú ìbọn ìléwọ́ alágbàá tó ń yí, èyí tí àwọn ọ̀gágun òyìnbó máa ń so mọ́ ìbàdí, orí òjé, ẹ̀tù àti kẹ́míkà tó ń tanná wà nínú àpò idẹ kan ṣoṣo. Alágbẹ̀dẹ lè fi idẹ rọ àpò, ó sì lè ṣa èyí tí wọ́n ti yìn kó tún un kì. Ẹ̀tù tó lágbára ń fẹ́ imí ọjọ́, òkè òkun ni imí ọjọ́ sì ti ń wá. Kẹ́míkà kékeré tó wà ní ìdí ọta, tó máa ń bú nígbà tí irin bá gbá a, kò rọrùn fún alágbẹ̀dẹ láti sè é. Ibi tí ọgbọ́n ọwọ́ parí sí nìyẹn. Samory ní ìbọn tó jọ ti Faransé, ṣùgbọ́n ọta tí wọ́n ṣe nílé kò lágbára tó ti ilé iṣẹ́ Yúróòpù.

Kò yẹ kí wọ́n fi èyí sọ Samory di ẹni mímọ́ o. Ẹrú ló ń tà láti fi ra ẹṣin, ọ̀pọ̀ ìlú ló sì jó níná. Lọ́dún 1897 ló pa Kong run, ìlú oníṣòwò àti onímọ̀ tó ti lókìkí fún ìgbà pípẹ́.

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní Kíríjì

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Abidjan, tí púpọ̀ nínú wọn wá láti Ẹjìgbò, kò ní rí ìtàn yìí bí àjèjì. Lọ́dún 1877, ọ̀rọ̀ ìbọn àti ẹ̀tù tí Ìbàdàn rán èèyàn lọ rà ní Porto-Novo, tí wọ́n sì gbà gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá kọjá, wà lára ohun tó dá ogun sílẹ̀. Nígbà tí Fábùnmi àti àwọn ará Èkìtì kọ ìsìn, ogun náà fẹ̀ sí i. Ìbọn Snider tí àwọn ọmọ Èkìtì tó wà ní Èkó fi ránṣẹ́ sí àgọ́ Ọ̀gẹ̀dẹ̀ńgbé, èyí tí wọ́n ń ki ọta sí láti ìdí, ba àwọn jagunjagun Ìbàdàn lẹ́rù gidi. Ṣakabùlà ni tiwọn, ẹnu ni wọ́n sì ti ń kì í, nígbà tí ẹni kejì ti yìn ún lẹ́ẹ̀mẹta. Ariwo ìbọn ni wọ́n fi sọ ogun náà ní Kíríjì. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kú sí àgọ́ ogun lọ́dún 1885, wọn kò sì tú àgọ́ náà ká títí di ọdún 1893.

Ní ti Samory, ebi ló kọ́kọ́ ṣẹ́gun rẹ̀. Lọ́dún 1898, ó ń kó àwọn èèyàn rẹ̀ gba orí òkè àti inú igbó ìwọ̀ oòrùn kọjá, oúnjẹ kò sì sí. Lọ́jọ́ 29, oṣù Kẹsàn-án, ikọ̀ Captain Gouraud já lù ú ní Guélémou ní òwúrọ̀, wọ́n sì mú un. Wọ́n gbé e lọ sí Gabon, ibẹ̀ ló kú sí lọ́jọ́ 2, oṣù Kẹfà, ọdún 1900.

Oṣù Kẹrin ọdún 2016 ni àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé gbé òfin ohun ìjà kúrò lórí Côte d'Ivoire. Àwọn alágbẹ̀dẹ àríwá ṣì ń rọ ìbọn fún àwọn ọdẹ tí wọ́n ń pè ní dozo, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé ìbọn nínú ogun Ouattara àti Gbagbo.