Ẹ̀kọ́ Sátẹ́láìtì àti Máàpù ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama ní Nàìjíríà

Ẹ̀kọ́ nípa òfurufú, sátẹ́láìtì àti máàpù wà nínú ètò ẹ̀kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n pín wọn sí. Abẹ́ físíìsì ni rọ́kẹ́ẹ̀tì àti sátẹ́láìtì wà; abẹ́ jọ́gíráfì ni máàpù kíkà wà, pẹ̀lú GIS, ìyẹn fífi kọ̀ǹpútà to oríṣiríṣi ìsọfúnni nípa ilẹ̀ kan léra. Olùkọ́ tó ń kọ́ èyí kì í ṣe èyí tó ń kọ́ ìyẹn. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń jáde ìwé mẹ́wàá láì mọ̀ pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni méjèèjì: sátẹ́láìtì ń ya àwòrán ilẹ̀, ìmọ̀ máàpù ni a sì fi ń ka ohun tó yà.

Nàìjíríà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Láti ọdún 1972 ni ibùdó tí wọ́n ń pè ní RECTAS nígbà náà ti wà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní wíwọn ilẹ̀ láti ojú òfurufú. Ní 1998, ARCSSTE-E, ibùdó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfurufú tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń tì lẹ́yìn, bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ìlú kan náà. Ọdún tó tẹ̀lé e ni ìjọba àpapọ̀ dá NASRDA, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ òfurufú, sílẹ̀ ní Àbújá. Sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 gbéra láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án 2003. Ní 2011, NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X gbéra pa pọ̀, àwọn ẹnjiníà ọmọ Nàìjíríà tó lọ kọ́ṣẹ́ ní Surrey ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì fọwọ́ ara wọn to NigeriaSat-X. Èyí tó yẹ kó wú ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lórí jù ni Nigeria EduSat-1 ti yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́, tí wọ́n ṣe pẹ̀lú Kyushu Institute of Technology ní Japan: àpótí kékeré tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, tó wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù kan. Ó lọ sókè ní 2017.

Nínú kíláàsì, gbogbo èyí sábà máa ń di nótì tí a dà kọ: ìtumọ̀ sátẹ́láìtì, ìwúlò mẹ́rin, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ìṣirò tí ọmọ JSS lè ṣe ló wà níbẹ̀. Nígbà tí NigeriaSat-1 ń ṣiṣẹ́, ó máa ń rí ilẹ̀ ní ẹ̀yọ-ẹ̀yọ tó jẹ́ mítà 32 lóòró àti níbùú. Ká mú pápá bọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ tó jẹ́ mítà 100 sí 64. Tí a bá pín in, ẹ̀yọ mẹ́fà péré àti díẹ̀ ni pápá náà gbà nínú àwòrán. Ẹnikẹ́ni tó bá wò ó kò ní mọ̀ pé pápá ni. Wọ́n ṣe NigeriaSat-2 láti máa rí ẹ̀yọ mítà méjì ààbọ̀ nínú àwòrán dúdú-àti-funfun. Pápá kan náà di ẹ̀yọ 1,024, ṣùgbọ́n a kò ní rí ìlà funfun tí wọ́n fà sí i. Ọmọ tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìṣirò yìí kò tún ní gbàgbé ìdí tí sátẹ́láìtì kan fi dára fún igbó ńlá, tí òmíràn sì dára fún ìlú.

Díìṣì orí òrùlé náà jẹ́ ẹ̀kọ́. Gbogbo díìṣì DStv tó wà ní àdúgbò kan, apá ìlà-oòrùn ni wọ́n kọjú sí, wọn kì í sì í yí. Sátẹ́láìtì tí wọ́n ń wò wà ní nǹkan bíi kìlómítà 36,000 lókè, ó sì ń yí ayé po ní ìwọ̀n àkókò tí ayé fúnra rẹ̀ fi ń yí. Ìdí nìyí tó fi dà bíi pé ojú kan ló dúró sí. NigComSat-1R, sátẹ́láìtì ìbánisọ̀rọ̀ Nàìjíríà, náà wà ní gíga yẹn. NigeriaSat-1 ní tirẹ̀ kò tó kìlómítà 700 sókè, kò sì gbà tó ìṣẹ́jú 100 láti yí ayé po lẹ́ẹ̀kan.

Ní ti máàpù, WAEC ń béèrè rẹ̀ nínú ìdánwò jọ́gíráfì, lórí máàpù tó sábà máa ń jẹ́ 1:50,000, níbi tí sẹ̀ǹtímítà méjì ti dúró fún kìlómítà kan. Òwú ìránṣọ àti rúlà tó fún títì tó bá lọ́: a ó tẹ òwú náà lé títì lórí máàpù, a ó bá gbogbo ìkọ́rọ̀ rẹ̀ yí, a ó sì wá nà án sórí rúlà. Tó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án, kìlómítà mẹ́rin ààbọ̀ ni títì náà. Àwọn ìlà tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn ló máa ń dààmú àwọn ọmọ jù. Ibi tí ìlà wọ̀nyí bá ti sún mọ́ra, ilẹ̀ ibẹ̀ da gẹ̀rẹ́. Ibi tí wọ́n bá jìnnà síra, ó tẹ́jú. Mo gbà pé ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mú àwọn ọmọ gun òkè kan ládùúgbò kí wọ́n tó ṣí ìwé.

Lẹ́yìn náà ni fóònù. Ọ̀pọ̀ rò pé GPS ń jẹ dátà, kò rí bẹ́ẹ̀: àmì tó ń gbà ti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, ó kéré tán mẹ́rin, kò sì náni ní kọ́bọ̀. Máàpù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń jẹ dátà, a sì lè wà á sílẹ̀ sórí fóònù ṣáájú. OpenStreetMap, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, gba ẹnikẹ́ni láàyè láti fi ohun tó mọ̀ kún máàpù. Níbí ni ọmọ Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ ti ní ohun tí ẹlòmíràn kò ní. Ó mọ orúkọ agboolé, ó mọ ọ̀nà àárín ilé, ó mọ kànga tí kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀pọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí kò sí lórí máàpù kankan.

Omíyalé odò Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, àti èyí tó tún ṣọṣẹ́ ní Ìbàdàn ní oṣù kẹjọ 2011, ni iṣẹ́ àṣetiléwá tó bá ẹ̀kọ́ yìí mu jù. Àwòrán Google Earth ti àtijọ́ àti ti òní wà tí a lè gbé síra wọn, kí ọmọ fojú ara rẹ̀ rí bí ilé ṣe sún mọ́ etí odò. Àmọ́ ìgbà òjò ni odò ń kún, ìgbà náà sì ni ìkùukùu máa ń bo ilẹ̀ Yorùbá mọ́ ọ̀pọ̀ kámẹ́rà òfurufú lójú. Sátẹ́láìtì Sentinel-1 ti Yúróòpù, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ sókè ní 2014, ń lo rédà, ó ń rí ilẹ̀ láàárín ìkùukùu àti lóru. Ọ̀fẹ́ ni àwòrán rẹ̀ fún olùkọ́ yòówù tó bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń kà á.