Ìwọ̀fà Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́

Ìwé pélébé kan ni ó gbé àròkọ yìí wá. Àbúrò mi kan, ọmọ Ọ̀sì, tí ó ń ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ni ó mú un tọ̀ mí wá. Ó fẹ́ ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Toyota Camry kan, tòkunbọ̀. Owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó ìdajì, ilé-ìfowópamọ́ kan sì ti gbà láti yá a ní ìyókù bí ó bá lè rí onígbọ̀wọ́. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà bá mi fọwọ́ sí i,” ni ó wí, ó sì dọ̀bálẹ̀. Ọ̀sì ni òun ti ń kọ́ni, ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọfà, ọmọ mẹ́ta sì wà láàrin wọn tí wọ́n ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀kadà ni wọ́n ti ń gùn láti ọdún méje, nínú ẹ̀ẹ̀rùn àti nínú òjò. N kò fọwọ́ sí ìwé náà lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe kì í jẹ́ kí n lè ronú lórí ohunkóhun láìwo ẹ̀yìn. Láàrin ọ̀sẹ̀ náà, gbèsè tí ọmọdé yìí fẹ́ jẹ gan-an kọ́ ni mo ń rò, bí kò ṣe gbèsè tí àwọn tí ó bí wa ti jẹ rí, ohun tí wọ́n fi rà, àti ohun tí ó ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ojú tí àwọn baba wa fi ń wo owó yíyá, ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà ni kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ parí ní 1897 ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ jáde títí di 1921, ṣe àlàyé rẹ̀ yékéyéké, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ẹni tí ó yáwó ni yóò máa lọ ṣiṣẹ́ fún olówó, tàbí kí ó fi ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ sọfà. Iṣẹ́ yìí ni èlé orí owó náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé iṣẹ́ náà kì í dín gbèsè kù. Bí ìwọ̀fà ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, iye ọ̀kẹ́ owó ẹyọ tí a yá lọ́jọ́ kìíní ni a óò kà sílẹ̀ pérépéré kí ó tó gba ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí ni yóò ka èyí sí ìwà àìláàánú, ṣùgbọ́n kí a má yára dájọ́. Ẹni tí ó yáwó mọ ohun tí òun jẹ. Gbèsè rẹ̀ kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò dé ní ọdún kejì láti sọ fún un pé èlé ti di ìlọ́po méjì.

Bí olówó bá wá rí i pé onígbèsè ń fẹsẹ̀ falẹ̀, ó lè rán ológò sí i. Iṣẹ́ ológò ni kí ó dógò ti onígbèsè: yóò wọ inú ilé, yóò gba ibi tí ó wù ú, yóò máa pàṣẹ oúnjẹ, yóò máa mú adìyẹ ẹni tí ó bá rí pa, ariwo rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé gbádùn. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe adìyẹ onígbèsè nìkan ni ó ń pa. Gbogbo agbo ilé ni ó ń jẹ ìyà náà, kí wọ́n lè dáwó jọ láti rà ara wọn padà kúrò lọ́wọ́ ìtìjú. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ẹbí ni ohun ìdúró tí ó wà lẹ́yìn gbogbo owó yíyá nílẹ̀ Yorùbá, yálà wọ́n fọwọ́ sí ìwé tàbí wọn kò fọwọ́ sí i.

Nígbà tí òwò aṣọ òyìnbó gbilẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn Ìjẹ̀ṣà sọ àwìn di iṣẹ́ òòjọ́. Wọ́n ń ru aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń tà á láwìn, wọ́n sì ń padà wá gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òṣómàáló ni a ń pè wọ́n, nítorí pé wọ́n máa ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn kò sì ní dìde àfi bí owó bá tó wọn lọ́wọ́. A máa ń fi wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ọpẹ́ ni ó yẹ wọ́n. Àgbẹ̀ tí kò ní owó lọ́wọ́ títí ìkórè yóò fi dé rí aṣọ fi bo ọmọ rẹ̀ nítorí wọn. Ológò ni wọ́n nínú ìṣe, àmọ́ ológò tí kì í pa adìyẹ. Ní ìdà kejì, àwọn ayánilówó tí a ń pè ní ṣógúndogójì wà ní ìlú ńlá, orúkọ wọn sì ti ṣàlàyé irú èlé tí wọ́n ń gbà. Ìjọba amúnisìn ṣe òfin láti kó wọn níjàánu ní 1927, ó sì tún ṣe òmíràn ní 1938.

Lẹ́yìn aṣọ ni ọkọ̀. Kí ọkọ̀ tó pọ̀ ní agbègbè tí ó di ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kwárà lónìí, kẹ̀kẹ́ ni ohun ìgbéraga. Ẹ wo àwọn ilẹ̀kùn tí àwọn agbẹ́gilére Ọ̀sì àti Ọ̀pin gbẹ́ fún àwọn ọba: láàrin jagunjagun, ìyálọ́mọ àti babaláwo, ẹ óò rí ọkùnrin kan tí ó jókòó sórí kẹ̀kẹ́, tí ó fi ìkòkò tábà sẹ́nu. Ìgbẹ́gilére ni ó sọ Ọ̀sì di ìlú olókìkí, àgbà agbẹ́gilére rẹ̀ ni Aréògún tí ó dolóògbé ní 1954. Àwọn tí ó mọ oríkì rẹ̀ ní ohun tí orúkọ yẹn ń sọ ni pé ẹni náà ń fi irin Ògún rí owó, ó sì ń ná owó náà fún Ògún. Mo máa ń rántí orúkọ yìí bí mo bá rí lọ́rì. Àwọn tí ó ra lọ́rì àti bọ̀lẹ̀kájà láwìn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá bíi UAC àti SCOA ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Irin ni wọ́n ń fi pa owó, irin náà ni wọ́n ń san owó fún. Lọ́rì tí ó ń kó iṣu, kòkó àti èrò ni ó ń san gbèsè orí ara rẹ̀. Bí a bá ní kí a sọ òtítọ́, lọ́rì náà ni ìwọ̀fà, ẹni tí ó rà á sì ni olúwa rẹ̀.

Kì í ṣe pé gbogbo wọn là á já. Títí di ọjọ́ tí onírà bá san kọ́bọ̀ ìkẹyìn, ilé iṣẹ́ ni ó ni ọkọ̀, bí ó bá sì kùnà láti san ti oṣù kan, wọ́n lè wá wọ́ ọ lọ. Ìdí nìyí tí ìjọba àpapọ̀ fi ṣe òfin ọjà àsandíẹ̀díẹ̀ ní 1965. Òfin náà sọ pé bí onírà bá ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún iye owó ọkọ̀, ẹni tí ó tà á kò gbọdọ̀ gbà á padà mọ́ láìgba ilé-ẹjọ́ lọ. Ní ti ọjà mìíràn, ìdajì ni. Ìyàtọ̀ yìí dùn mọ́ mi nínú. Àwọn aṣòfin mọ̀ pé ọkọ̀ ń gbó bí a ti ń lò ó, wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tí ó ń lò ó kì í fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ mú ohun tí kò tíì di tirẹ̀.

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò bá ọ̀nà lọ́rì wọlé. Ó bá ti iṣẹ́ ìjọba. Àwọn òyìnbó tí ó wà nípò ń rí owó yá láti ra ọkọ̀, wọ́n sì ń gba àjẹmọ́nú oṣooṣù fún wíwà á. Nígbà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sí ipò wọn ní àárín ọdún 1950 sí 1960, wọ́n jogún àǹfààní náà. Kàdúná ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba láti agbègbè wa ti ń gba tiwọn, nítorí abẹ́ Ìpínlẹ̀ Àríwá ni a wà. Lẹ́yìn tí a dá ìpínlẹ̀ tí ó wá di Kwárà sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, Ìlọrin ni. Èlé orí rẹ̀ kéré, láti orísun owó oṣù ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́. Ọdún 1975 ni gbogbo rẹ̀ wá kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ní ọdún yẹn ni owó Údojì dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ní oṣù kẹta ọdún kan náà sì ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná, tí Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Èkó. Pijó 504 di àmì ẹni tí ó ti dé ipò, ọkọ̀ Ìjàpá sì di ti ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Bàbá mi ra Pijó tirẹ̀ ní 1977 nígbà tí ó ń ṣe olùbẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀yáwó ìjọba ni ó fi rà á. Ó san án tán, ó sì ń lò ó títí di 1989, ọdún tí ó tà á láti fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ wa. Iye náírà tí ó tà á ju iye tí ó fi rà á lọ. Mo rò nígbà náà pé èrè ni ó jẹ. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé náírà ni ó ti kú. Ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ti ọdún 1986 ti sọ náírà kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá dọ́là kan dọ́gba di ohun tí a ń kó mẹ́rin jọ kí ó tó ra dọ́là kan, láàrin ọdún kan péré. Àwọn olùkọ́ yunifásítì tí ó gba ẹ̀yáwó ọkọ̀ ṣáájú ìgbà náà ń fi ọkọ̀ náà ṣe kábúkábú ní ìrọ̀lẹ́. A ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ohun tí wọ́n ṣe kò yàtọ̀ sí ti olówó lọ́rì: wọ́n ní kí irin bọ́ ẹni tí ó ni ín.

Ìgbà náà ni tòkunbọ̀ dé. Tòkunbọ̀ ni a ń sọ ọmọ tí a bí sókè òkun tí a gbé wá sílé, ẹ̀rín sì ni ó kọ́kọ́ pa wá nígbà tí a gbọ́ pé ọkọ̀ àlòkù ń jẹ́ orúkọ ọmọ ènìyàn. Láti Yúróòpù ni wọ́n ti ń kó wọn gúnlẹ̀ sí Kútọnu, tí wọ́n sì ń gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé, títí ìjọba fi dá ọ̀nà orí ilẹ̀ dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017. Àwa ènìyàn sì sọ wọ́n lórúkọ lẹ́ẹ̀kejì bí ìgbà tí a bá ń kọ oríkì: Camry kan ń jẹ́ “Ọ̀róbó”, èkejì ń jẹ́ “Big Daddy”, Honda Accord kan sì wà tí wọ́n ń pè ní “End of Discussion”. Ohun tí ó ya tòkunbọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára Pijó ni pé owó gidi ni a fi ń rà á. Àjọ, èésú, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àti ilẹ̀ bàbá ni ó ń ra tòkunbọ̀. Ilé-ìfowópamọ́ kò tètè bá wọn dá sí i, wọn kò sì jẹ̀bi: ta ni yóò gba ohun tí ẹlòmíràn ti lò fún ọdún mẹ́wàá ní ohun ìdúró?

Mo wá jókòó ti ìwé àbúrò mi. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ilé-ìfowópamọ́ àgbà ti gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ dé ìdá 27.50 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni tí ó bá fẹ́ yáwó lọ́wọ́ àwọn ilé-ìfowópamọ́ yòókù yóò sì san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ènìyàn yá mílíọ̀nù márùn-ún náírà ní èlé ìdá 30 lọ́dún, tí yóò san án fún ọdún mẹ́ta. Yóò máa san nǹkan bí 212,000 náírà lóṣooṣù. Àpapọ̀ rẹ̀ yóò ju mílíọ̀nù méje àti ààbọ̀ lọ. Owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin ọdún 2024 là kalẹ̀ jẹ́ 70,000 náírà. Owó oṣù òṣìṣẹ́ mẹ́ta, kí a máà tíì ra epo, kí a máà tíì pààrọ̀ táyà kan.

Mo sọ èyí fún un. Ọmọ náà kò ṣàì ní èsì. “Ẹ̀gbọ́n, ọdún 2022 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó,” ni ó wí. “Bí mo ṣe ń sún mọ́ ọkọ̀ ni ọkọ̀ ń sá fún mi.” Òtítọ́ ni. Láti ìgbà tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là tí kò tó 500 náírà tẹ́lẹ̀ ti lé ní 1,500 kí ọdún 2024 tó parí. Ẹni tí ó fi sùúrù kó owó pamọ́ ni ó pàdánù jù. Ìlànà tí àwọn baba wa fi ń bú onígbèsè, tí wọ́n sì fi ń yin ẹni tí ó ń tọ́jú owó, orí owó tí kì í sáré kú bí tiwa ni wọ́n gbé e kà. N kò lè fi tiwọn dá a lẹ́jọ́ pátápátá.

Síbẹ̀, ìbéèrè kan kò kúrò lọ́kàn mi: ta ni yóò ṣe ìwọ̀fà? Lọ́rì ṣe ìwọ̀fà fún olówó rẹ̀. Àjẹmọ́nú ìjọba ṣe ìwọ̀fà fún Pijó bàbá mi. Ní ti Camry yìí, àbúrò mi fúnra rẹ̀ ni yóò máa jí lọ sí oko olówó fún oṣù mẹ́rìndínlógójì. Bí ó bá sì sá, ilé mi ni ológò yóò wá tẹ́ ẹní sí.

N kò fọwọ́ sí ìwé náà. Mo fọwọ́ sí òmíràn, ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn olùkọ́, tí ó yá a ní ìlọ́po méjì owó tí ó ti tọ́jú sọ́dọ̀ wọn, fún oṣù méjìdínlógún, ní èlé tí kò tó ìdajì ti ilé-ìfowópamọ́. Owó náà kò lè ra tòkunbọ̀. Ó ra Camry tí ẹnìkan ti lò ní Ìlọrin fún ọdún mẹ́fà, “Big Daddy” tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, lẹ́yìn tí mẹkáníìkì tí èmi àti òun jọ mú lọ ti wo abẹ́ rẹ̀ fún wákàtí méjì. Ní òwúrọ̀, ó ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ó sì ń gbé ìyá wọn dé Ìlọfà. Ní ọjọ́ ọjà, bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti parí, ó máa ń gbé èrò mẹ́rin àti ẹrù wọn padà sí Ọ̀sì. Owó tí wọ́n bá san, inú àpò ìwé kan ni ó ń kó o sí, ó sì kọ “ẹgbẹ́” sí i lára.