Egbò Jinná, Ara Kò Tíì Mókun

Nígbà tí Yorùbá pe iṣẹ́ tí dókítà ń fi irin mímú ṣe lára ènìyàn ní iṣẹ́ abẹ, kò wá ọ̀rọ̀ lọ síbi tó jìnnà. Abẹ ni olóolà fi ń kọlà, abẹ náà ni onígbàjámọ̀ fi ń fárí. Ẹni tó bá gbọ́ "iṣẹ́ abẹ" ti mọ̀ pé wọn yóò la ara, ẹ̀jẹ̀ yóò sì jáde. Ohun tí a kò tíì rí ọ̀rọ̀ tó dáa fi sọ ni àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wákàtí díẹ̀ ni aláìsàn ń lò lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ. Nílé, ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ ìyàwó, ọmọ àti àbúrò tí wọn kò kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Tí a bá wá fẹ́ kọ ìlànà fún wọn, "ìmúláradá" ló máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Òjijì ló ń ṣẹlẹ̀, ẹlòmíì ló sì ń ṣe é fúnni. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ikùn rẹ̀ kò sí nínú irú ipò bẹ́ẹ̀. Èrò mi ni pé a kò nílò orúkọ kan ṣoṣo fún gbogbo àkókò yìí. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ará ilé ń lò lójoojúmọ́ ti pín in sí wẹ́wẹ́. Iṣẹ́ ẹni tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ni kó tò wọ́n, kó sì ṣẹ̀dá tuntun níbi tí àlàfo bá wà nìkan.

Ẹ wo "jinná". Iṣu tó wà lórí iná ń jinná, egbò náà ń jinná. Ẹ̀yìn iṣu lè rọ̀ kí inú rẹ̀ ṣì le, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń sè é fi ń fi ọ̀bẹ gún un wò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ojú abẹ rí. Awọ ara lè pàdé, wọ́n sì lè yọ okùn tí wọ́n fi rán an láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ṣùgbọ́n àwọn tó wọn agbára àpá rí i pé ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kò ju nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 agbára tí awọ náà ní tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ń tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta kó tó sún mọ́ ìdá 80, kì í sì í kọjá ibẹ̀ mọ́. Nítorí irú èyí ni a ṣe ní "mókun": egbò lè jinná kí ara má tíì mókun. Ọkùnrin tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún, tó rí i pé ojú egbò ti gbẹ, tó wá gbé àpò sìmẹ́ǹtì, lè rí ìpá náà kó padà wá. Ẹ sọ fún un pé ó ti rí ìmúláradá, ẹ ti tì í sínú ewu. Ẹ sọ fún un pé egbò ti jinná, ara kò tíì mókun, kó má tíì gún iyán, kó má tíì ru ẹrù, ó yé e.

Èyí tó dùn mí jù ni "àkóràn". Òun ni ọ̀pọ̀ ń lò báyìí nígbà tí kòkòrò àìfojúrí bá wọ ara. Fún ikọ́ ẹ̀gbẹ àti kọ́lẹ́rà, ó bá a mu, nítorí àìsàn tó ń ran ẹlòmíì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n tí a bá kọ ọ́ pé ojú abẹ màmá kan ti ní àkóràn, ohun tí ará ilé lè gbọ́ ni pé kí wọ́n má bá a jẹun nínú abọ́ kan náà. Wọ́n lè kó ọmọ-ọmọ rẹ̀ sá fún un, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ tí wọn kò fọ̀ kí wọ́n tó tú báńdéèjì ló yẹ kí wọ́n bẹ̀rù. Yorùbá sì ti ní "kẹ̀" láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Egbò tó kẹ̀ ń gbóná, ó ń wú, ọyún ń ti ibẹ̀ jáde, ó ń rùn. Gbogbo àmì tí nọ́ọ̀sì fẹ́ kí wọ́n máa ṣọ́ ló wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré yìí. "Bí egbò bá kẹ̀, ẹ tètè padà wá": gbólóhùn náà ti tó. Kí ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ jáde má ṣe gbàgbé àmì ohùn, nítorí ìkẹ́ ni ohun tí a ń fún aláìsàn, ìkẹ̀ sì ni ohun tí a ń sá fún.

"Sinmi" náà ń fa wàhálà. Láti àwọn ọdún 1990 ni Henrik Kehlet, oníṣẹ́ abẹ ará Dẹ́ńmáàkì, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti ń fi hàn pé ẹni tó bá tètè dìde, tó tètè jẹun, ló ń tètè gbádùn. Ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n "ẹ lọ sinmi" létí wa túmọ̀ sí kí wọ́n tẹ́ ibùsùn, kí wọ́n gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá, kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kí bàbá dìde. "Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ilé" ló yẹ ká sọ. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ inú, nọ́ọ̀sì tún ní láti mọ̀ bóyá ìfun ti jí. Àmì rẹ̀ ni kí aláìsàn só. Nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọmọdébìnrin kò jẹ́ bi bàbá ẹni àádọ́rin ọdún pé "Ṣé ẹ ti só?" "Ṣé atẹ́gùn ti ń jáde nísàlẹ̀, bàbá?" ni yóò wí. Ó yẹ kí ìwé ọ̀rọ̀ ìṣègùn kọ méjèèjì sílẹ̀, kó sì sọ ẹni tí a ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan fún.

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀-orúkọ ni sáyẹ́ǹsì ń fẹ́, pé a kò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá àgbà kọ ìwé ẹ̀kọ́. Lóòótọ́, ìwé ẹ̀kọ́ nílò orúkọ. Ṣùgbọ́n fi "ì" síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí, o ti ní ìjinná, ìkẹ̀ àti ìmókun. Àwọn onímọ̀ tó ṣe ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú ìdìpọ̀ kìíní rẹ̀ ní 1984, ti fi hàn pé èdè yìí lè fi ohun ìní rẹ̀ sọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Àwọn mìíràn á ní ká kúkú yá ọ̀rọ̀ Òyìnbó. Mi ò bá wọn jà lórí báńdéèjì àti dírípù, ohun tí a ń fojú rí ni wọ́n. Ìlànà tí ará ilé yóò tẹ̀ lé ní òru ni a kò lè yá.

Àlàfo kan wà lóòótọ́. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní orúkọ: ìyá ìkókó. Orúkọ yẹn nìkan tó láti jẹ́ kí wọ́n gba ẹrù lórí rẹ̀. Ẹni tó ti iṣẹ́ abẹ dé kò ní irú rẹ̀. Kì í ṣe aláìsàn mọ́, ara rẹ̀ kò sì tíì le, bó bá jókòó, wọ́n á ní ó ya ọ̀lẹ. A máa ń sọ pé ènìyàn ń kọ́fẹ padà. Mo dábàá "akọ́fẹ" fún ẹni náà, kí "ìkọ́fẹ" jẹ́ àkókò rẹ̀. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, ẹ bá mi dán an wò lẹ́nu yín. Tí ẹ bá ní èyí tó dáa jù ú lọ, ẹ mú un wá. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún sọ fún ẹni tí ojú egbò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé pé ó ti rí ìmúláradá.