Ìwọ̀fà, Ilé-Ẹjọ́ àti Gbèsè Tó Ní Òpin

Nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé mi ní Amẹ́ríkà, bàbá kan tó jẹ́ ọmọ Yorùbá ṣàlàyé fún mi bí gbèsè ọkọ̀, ti káàdì àti ti ilé ìwòsàn ṣe wọ òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn, tí wọ́n fi tọ ilé-ẹjọ́ lọ fún ètò ìsangbèsè. Lóṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó nínú owó iṣẹ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo ti di ìwọ̀fà kóòtù." Àwàdà ni, ṣùgbọ́n ìtìjú wà nídìí rẹ̀. Mo sì mọ ìdílé tó jẹ́ pé nítorí irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fi wá ìrànlọ́wọ́ títí ilé fi bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ bàbá yìí tó ohun tí òpìtàn ń gbé yẹ̀ wò: ṣé ìwọ̀fà ni lóòótọ́?

Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Samuel Johnson tẹnu mọ́ èyí nínú *The History of the Yorubas* tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921: ọmọ ìlú ni ìwọ̀fà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò yẹ̀, ilé ara rẹ̀ ló sì ń gbé. Ẹni tí ìsìnkú, ìtanràn tàbí àìsàn bá ká mọ́ yóò yáwó lọ́wọ́ olówó níwájú onígbọ̀wọ́, yóò sì máa fi apá kan ọjọ́ ṣiṣẹ́ fún un. Ìyókù ọjọ́ jẹ́ ti oko tirẹ̀. Nígbà ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn mìíràn sìngbà kí wọ́n lè ra ẹbí wọn tí wọ́n kó lógun padà. Ètò tó ní ẹlẹ́rìí ni, ó sì sàn ju ológò lọ, ìyẹn ẹni tí olówó rán lọ dógò ti onígbèsè: yóò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò máa bú tilé-toko, yóò máa pa adìẹ tó bá kọjá níwájú rẹ̀ jẹ, títí owó yóò fi jáde. (Àwọn tó ń fi fóònù da onígbèsè láàmú láti àárọ̀ kùtù lóde òní ni mo máa ń rántí bí mo bá ka ibẹ̀.)

Ìṣòro ìwọ̀fà wà nínú ìṣirò rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe kì í yọ ẹyọ owó kan kúrò nínú gbèsè. Èlé lásán ni. Ẹni tó yá ọ̀kẹ́ méjì owó ẹyọ, tó sì sìn fún ọdún mẹ́wàá, ọ̀kẹ́ méjì náà ló ṣì jẹ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gba ara rẹ̀. Bí ó bá kú, ọ̀rọ̀ di ti ẹbí. Bẹ́ẹ̀ ni òbí lè fi ọmọ sọfà, kí ọmọ tí kò yá nǹkan kan máa gbé ilé olówó, kó máa ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, olówó nìkan ló ń jèrè.

Láàárín àwọn ọdún 1920 sí 1940 ni àṣà yìí rọlẹ̀ lábẹ́ òfin ìjọba amúnisìn, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ kò bá a lọ. Àgbẹ̀ tí kò lè fi ọmọ dógò mọ́ fi oko kòkó dógò. Olówó a máa ká kòkó náà lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí èlé, iye tí wọ́n yá a dúró gbọn-in.

Ní àwọn ọdún 1930 yìí kan náà, ní ìlú Birmingham ní ìpínlẹ̀ Alabama, àwọn òṣìṣẹ́ wà nínú wàhálà tiwọn. Ayánilówó a gba àṣẹ láti gbẹ́sẹ̀ lé owó iṣẹ́ wọn. Ọ̀gá iṣẹ́ mìíràn, tí kò fẹ́ wàhálà ìwé-kíkọ, a lé òṣìṣẹ́ náà kúrò. Lábẹ́ òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1933, Valentine Nesbit, tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè níbẹ̀, gbà kí òṣìṣẹ́ máa san díẹ̀ nínú owó rẹ̀ fún ilé-ẹjọ́, kí ilé-ẹjọ́ máa pín in fún àwọn olówó, kí gbogbo wọn sì fi onígbèsè lọ́rùn sílẹ̀ títí ètò yóò fi parí. Walter Chandler, aṣòfin láti Tennessee, mú irú ètò yìí wọ òfin àpapọ̀ ní 1938. Òfin 1978 sọ ọ́ di ohun tí a mọ̀ lónìí sí Chapter 13, ó sì ṣí i sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí owó ń wọlé fún déédéé. Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni ètò náà ń gbà. Owó oúnjẹ àti owó ilé ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ sẹ́yìn kí wọ́n tó mọ iye tí onígbèsè yóò san. Gbèsè tí kò ní ohun ìdógò, bíi ti káàdì àti ti ilé ìwòsàn, kì í bí èlé mọ́ láti ọjọ́ tí ó bá ti fi ìwé sílẹ̀ ní kóòtù. Bí ó bá parí ètò, ìyókù irú gbèsè bẹ́ẹ̀ a di ìdáríjì, bí a bá yọ irú owó ìtọ́jú ọmọ àti ọ̀pọ̀ gbèsè ẹ̀kọ́ sẹ́yìn.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń polówó kóòtù. Ọ̀pọ̀ ètò Chapter 13 ni kì í parí: iṣẹ́ lè bọ́, àìsàn lè dé, adájọ́ a sì da ìwé nù, gbèsè a padà pẹ̀lú èlé rẹ̀ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò ṣàdéhùn rí. Ní 2012, Jean Braucher, Dov Cohen àti Robert Lawless fi hàn pé àwọn aláwọ̀ dúdú tó wọko gbèsè ń bá ara wọn nínú ètò yìí ní nǹkan bí ìlọ́po méjì àwọn ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ Chapter 7, tó máa ń pa gbèsè rẹ́ láàárín oṣù díẹ̀, wà nílẹ̀. Ìwádìí náà fi hàn pé ìmọ̀ràn agbẹjọ́rò wà lára ohun tó fà á. Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá tó bá wọ ọ́fíìsì agbẹjọ́rò mọ èyí kó tó fọwọ́ síwèé.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ bàbá náà kò bá ìtàn mu. Ìwọ̀fà ń san, gbèsè ń wò ó. Mo bi bàbá náà lọ́jọ́ náà pé ìgbà wo ni yóò parí. Kò tilẹ̀ ronú kó tó dáhùn: oṣù mọ́kàndínlógún ló kù.