Transverter: bí a ṣe ń so rédíò mọ́ ọn kó má baà jóná

Transverter ni ẹ̀rọ tí àwọn tó fi rédíò alátagbà ṣe àfẹ́ fi ń gbé ìgbì láti orí ìwọ̀n MHz kan lọ sí òmíràn. Tí 28 MHz láti inú rédíò bá pàdé 116 MHz tí transverter ń pèsè, 144 MHz ló máa jáde. Tó bá di gbígbà, ó dá a padà sí 28.

Agbára ni wàhálà ibẹ̀. Rédíò Icom IC-7300 lè tu 100 wáàtì, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ transverter kò fẹ́ ju 0.1 wáàtì lọ. Kí a yí agbára wálẹ̀ nìkan kò tó: rédíò mìíràn a máa tú èyí tó ju iye tí a yàn lọ ní ìṣẹ́jú akàn tí a kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì ọ̀rọ̀, ìyẹn nìkan sì ti tó láti jó transverter. Ohun tó dáa jù, lójú tèmi, ni kí a tú rédíò, kí a fa wáyà jáde ṣáájú apá tó ń sọ agbára di ńlá, kí a sì gé iná apá náà. Ẹni tí kò bá fẹ́ tú u lè fi adínagbárakù 20 dB sáàárín: 10 wáàtì wọlé, 0.1 jáde, ìyókù di ooru. Àmọ́ ọ̀nà ìgbọ́ràn kò gbọdọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá.

Ní Ore àti Odigbo, QO-100, ẹ̀rọ atúngbé-ìgbì fún àwọn tó fi rédíò ṣe àfẹ́, tó wà lára sátẹ́láìtì Es'hail-2, tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní oṣù kọkànlá 2018, wà lárọ̀ọ́wọ́tó ẹni tó bá ní transverter. Díìṣì á kọjú sí ìlà-oòrùn, á yà sí gúúsù díẹ̀, á gbójú sókè ní nǹkan bí ìwọ̀n 64. À ń fi 2400 MHz ránṣẹ́ sí i, a sì ń gbọ́ ọ lórí 10489. Ìwé àṣẹ ọ̀dọ̀ NCC, àjọ tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ni a fi ń sọ̀rọ̀, 5N ló sì ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìpè Nàìjíríà.