Lẹ́tà Kan Ṣoṣo

Bí wọ́n bá ní kí àwa ọmọ iléèwé kọ ìtàn, ọba àti ogun la sábà máa ń kọ. Ìtàn lẹ́tà kan ni tèmi, torí pé ó ti kó mi sí wàhálà rí.

Ní 1997, Pavel Machek, ọmọ ilẹ̀ Czech, kọ ètò kan fún Linux tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan lo dísìkì tó wà lára kọ̀ǹpútà mìíràn bíi pé tirẹ̀ ni. NBD ni wọ́n pè é. Ní 2003, Fabrice Bellard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé QEMU jáde, tó ń ṣe bí odidi kọ̀ǹpútà nínú kọ̀ǹpútà mìíràn. Fáìlì lásán ló ń lò bíi dísìkì. Nígbà tó di 2008, wọ́n fi irinṣẹ́ qemu-nbd kún un, kí a lè pín irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lò.

Ẹnì kan ni irinṣẹ́ yìí ń gbà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, àyàfi tí a bá kọ lẹ́tà e àti iye ènìyàn mọ́ àṣẹ tí a tẹ̀. Fífi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kún irinṣẹ́ kò le púpọ̀. Ẹni tó ń kọ ètò á fi lẹ́tà náà sáàárín àwọn tí irinṣẹ́ ti mọ̀, á fi kólọ́ọ̀nù tẹ̀ lé e bó bá ń retí nọ́ńbà, á fún un ní orúkọ gígùn (--shared ni ti e), á wá kọ ohun tí yóò ṣe. Àlàyé fún ẹni tí yóò lò ó ló kù, òun ló sì ṣòro jù lójú tèmi. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nígbà náà ni pé kò séwu fún àwọn tó kàn ń kà, ṣùgbọ́n kò sí ìdánilójú bí ẹni púpọ̀ bá ń kọ nǹkan síbẹ̀.

N kò kà á. Nígbà ìsinmi, mo fi e àti 2 sí i ní ṣọ́ọ̀bù bùrọ̀dá mi, kí àwa méjèèjì lè jọ máa kọ orúkọ oníbàárà sórí dísìkì kan. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan rò pé òun nìkan ló ń kọ̀wé síbẹ̀, bí ẹni méjì tó ń bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ kan láìrí ara wọn. Lọ́jọ́ kẹta, dísìkì kò ṣí mọ́. Bùrọ̀dá mi kò pariwo. Ó kàn jókòó.

Ní 2021, wọ́n tún lẹ́tà náà ṣe: bí a bá kọ 0, iye ènìyàn kò ní òdiwọ̀n mọ́. Èmi tí 2 ti kó bá!

Lẹ́tà r, ti kíkà nìkan, ni mo máa ń fi sí i báyìí. Bùrọ̀dá mi ti padà sídìí ìwé àti bírò.